Iná Oòrùn ní Ilẹ̀ Rẹ́mọ

Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni oòrùn ti ń ṣiṣẹ́ fún àwọn ará Rẹ́mọ láìgba owó. Òun ni àwọn obìnrin fi ń sá èlùbọ́ àti ata. Òun ni àgbẹ̀ fi ń sá kòkó. Òun náà ni alágbàfọ̀ ń wò kí ó tó sá aṣọ. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti wọ̀, iṣẹ́ rẹ̀ parí nìyẹn, àtùpà ni ó kù fún onílé. Ní ayé òde òní, ọgbọ́n ti dé tí a fi lè fi oòrùn ọ̀sán tan iná alẹ́. Ohun èlò tí ó ń ṣe é ni a ń pè ní páńẹ́lì oòrùn. Àwọn ará ọjà a máa pè é ní sólà.

Èyí tí ó pọ̀ jù nínú iná mànàmáná Nàìjíríà ń wá láti inú gáàsì tí a ń jó; omi tí a sé ní ibi bíi Kainji ni ó ń mú ìyókù wá. Orí wáyà gígùn ni ó ń gbà dé Ṣàgámù, Ìkẹ́nnẹ́ àti Ìlíṣàn. Bí ohun kan bá bàjẹ́ lójú ọ̀nà, òkùnkùn ṣú nìyẹn. Ìdí nìyí tí jẹnẹrétọ̀ fi pọ̀ ní ẹ̀yìnkùlé. Mosimi, ibùdó ńlá tí a ń kó epo bẹntiróòlù pamọ́ sí, wà ní ẹ̀bá Ṣàgámù, ṣùgbọ́n wíwà nítòsí epo kò sọ epo di ọ̀pọ̀. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ fòpin sí owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, owó lítà kan, tí kò tó 200 náírà tẹ́lẹ̀, ju ìlọ́po méjì lọ láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ní ọdún 2024 ó kọjá 1,000 náírà ní ọ̀pọ̀ ibi. Télọ̀ tí ń fi jẹnẹrétọ̀ ránṣọ àti obìnrin tí ń ta ẹja inú yìnyín mọ bí ọ̀rọ̀ náà ti dunni tó.

Ọgbọ́n páńẹ́lì kì í ṣe ti àná. Ní ọdún 1839 ni Edmond Becquerel, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ṣàkíyèsí pé ìmọ́lẹ̀ lè bí iná mànàmáná. Ní ọdún 1954, àwọn onímọ̀ mẹ́ta ní ilé ìwádìí Bell ní Amẹ́ríkà fi silikọ́nì, tí a ń yọ láti inú yanrìn, ṣe èyí tí ó wúlò. Bí ìmọ́lẹ̀ bá bọ́ lu silikọ́nì, a máa ta àwọn ẹ̀yà tíntìntín inú rẹ̀ jí. Ìrìn wọn nínú wáyà ni ó ń di iná. Àwọn kan rò pé ooru ni páńẹ́lì ń fẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ni oúnjẹ rẹ̀. Bí ara rẹ̀ bá gbóná jù, agbára rẹ̀ a dínkù.

Orí òrùlé ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbé páńẹ́lì sí, ṣùgbọ́n a lè gbé e kalẹ̀ lórí ilẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn òṣìṣẹ́ a ṣán ilẹ̀, wọn a ri òpó irin mọ́lẹ̀, wọn a sì to páńẹ́lì lé e ní ẹsẹẹsẹ bí ebè oko. Nítorí pé ilẹ̀ Rẹ́mọ wà ní àríwá ìlà tí ó la ayé sí méjì, gúúsù ni a ń kọ ojú wọn sí. A kì í tẹ́ wọn pẹrẹsẹ. A máa ń dà wọ́n díẹ̀ kí òjò lè fọ eruku kúrò lára wọn. Ní ìgbà ọyẹ́ tí òjò kò sí, ènìyàn ni yóò máa nù wọ́n. Atẹ́gùn ń fẹ́ lábẹ́ wọn, nítorí náà wọn kì í tètè gbóná bí ti orí òrùlé. Ẹni tí yóò fọ̀ wọ́n kò nílò àkàsọ̀. Wọn kò sì di ẹrù ru páànù ògbólógbòó. Ṣùgbọ́n koríko a máa hù bò wọ́n, olè lè tètè dé ọ̀dọ̀ wọn, igi kan ṣoṣo tí ó bá ṣíji bò wọ́n sì lè dín iná wọn kù.

Àpẹẹrẹ rere wà nítòsí. Ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Ìjẹ̀bú, ní ìpínlẹ̀ Ògùn kan náà, ìletò àwọn àgbẹ̀ olókòkó kan wà tí a ń pè ní Gbamu-Gbamu. Ní oṣù kejì ọdún 2018 ni ilé iṣẹ́ Rubitec ṣí ibùdó iná oòrùn síbẹ̀, tí agbára rẹ̀ jẹ́ kilowáàtì 85. Àwọn páńẹ́lì ń kó iná sínú bátìrì lọ́sàn-án, wáyà ń pín in fún ilé àti ìsọ̀, ẹ̀rọ tí ń mu dísù sì wà láti ràn wọ́n lọ́wọ́. Àwọn ará ìletò ń sanwó iná tí wọ́n bá lò. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé oòrùn kò gba owó, ṣùgbọ́n irin, wáyà, bátìrì àti ẹni tí ń tọ́jú wọn ń gba owó.

Bí irú ibùdó bẹ́ẹ̀ bá fẹ́ wọ Rẹ́mọ, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ yọjú. Ibùdó tí agbára rẹ̀ tó kilowáàtì 1,000 lè gba ilẹ̀ tí ó tó hẹ́kítà kan sí méjì. Ilẹ̀ obì, ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo ni ilẹ̀ Rẹ́mọ, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì jẹ́ ti ẹbí. Kò tọ́ kí a gé igi obì tí bàbá ńlá gbìn, nígbà tí ilẹ̀ tí a ti wa yanrìn rẹ̀ tán wà láìwúlò. Kò sì tọ́ kí ẹnì kan ṣoṣo nínú ẹbí buwọ́ lùwé. Kí gbogbo wọn jókòó, kí wọ́n mọ iye ọdún tí wọn yóò fi yá ilẹ̀ náà jáde, kí wọ́n sì kọ orúkọ ẹni tí yóò kó irin kúrò nígbẹ̀yìn sílẹ̀. Páńẹ́lì a máa lò tó ọdún 25; ọmọ tí a bí lónìí yóò ti di àgbà kí àdéhùn náà tó parí.

Ọ̀rọ̀ tí ó wúwo jù ni ti bátìrì. Páńẹ́lì kì í rú èéfín, ṣùgbọ́n òjé, tí í ṣe májèlé, wà nínú ọ̀pọ̀ bátìrì tí ń gba iná rẹ̀ pamọ́, gẹ́gẹ́ bí ó ti wà nínú ti ọkọ̀. Ní Ogijo, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ṣàgámù, ni àwọn ilé iṣẹ́ tí ń yọ́ òjé inú ògbólógbòó bátìrì, pàápàá ti ọkọ̀, gbé wà láàárín ìlú. Ní ọdún 2025, àwọn oníròyìn ilẹ̀ Amẹ́ríkà ṣètò àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún 70 ènìyàn tí ń gbé tàbí tí ń ṣiṣẹ́ ní àgbègbè irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Nínú ènìyàn mẹ́wàá, òjé ti pọ̀ dé ìwọ̀n tí ó léwu nínú ẹ̀jẹ̀ méje. Àwọn ọmọdé ni ó ń ṣe ní jàǹbá jù, nítorí ó ń pa ọpọlọ lára. Bátìrì lítíọ́mù kò ní òjé, ó sì ń pẹ́ jù, ṣùgbọ́n ó wọ́n. Èyíkéyìí tí a bá rà, kí a má ṣe fọ́ ọ ní ẹ̀yìnkùlé, kí a má ṣe da omi inú rẹ̀ sí gọ́tà, kí a má sì tà á fún ẹni tí a kò mọ ibi tí ó ń gbé e lọ.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2022, Yẹmí Ọ̀ṣínbàjò, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ tí ó jẹ́ igbákejì ààrẹ nígbà náà, ṣe ìfilọ́lẹ̀ ètò tí Nàìjíríà fi fẹ́ kúrò lórí iná eléèéfín kí ó tó di ọdún 2060. Ètò ìjọba nìkan kò lè nu eruku kúrò lára páńẹ́lì, kò sì lè yan ilẹ̀ fún ẹbí. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Bí àwọn ará Rẹ́mọ bá fi ẹ̀sọ̀ yan ilẹ̀, tí wọ́n sì fi ẹ̀sọ̀ palẹ̀ bátìrì mọ́, iná tí ó tàn fún bàbá kò ní di májèlé fún ọmọ.