Bí A Ṣe Lè Yan Tírélà Kékeré Tí Ó Lè Gbé Alùpùpù

Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa, ẹni tí ó bá fẹ́ ra tírélà kékeré tí a ń so mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀, láti máa fi kó alùpùpù àti ẹrù lọ sí oko ẹgàn, kò gbọdọ̀ torí ọ̀dà dídán rà á. Ìwọ̀n ni kí ó kọ́kọ́ bèèrè.

Bí tírélà òfìfo bá wọ̀n tó kílò 350, tí alùpùpù méjì jẹ́ 220, tí omi lítà 60 pẹ̀lú oúnjẹ sì jẹ́ 80, àpapọ̀ rẹ̀ di kílò 650. Èyí kò gbọdọ̀ ju iye tí a kọ sí ara tírélà lọ, kò sì gbọdọ̀ ju agbára ọkọ̀ tí yóò fà á.

Nínú gbogbo ìwọ̀n náà, ìdá 10 sí 15 nínú 100 ni kí ó tẹ ìkọ́ ọkọ̀. Ti àpẹẹrẹ wa yìí jẹ́ kílò 65 sí 97. Bí alùpùpù bá wà lẹ́yìn táyà pátápátá, iwájú yóò fúyẹ́, tírélà yóò máa jù síhìn-ín sọ́hùn-ún bí ìrù, ó sì lè dojú ọkọ̀ dé.

Nítorí náà, ẹ yan èyí tí àyè alùpùpù rẹ̀ bọ́ sí iwájú táyà díẹ̀, tí ó sì ní òrùka irin líle tí a lè so okùn mọ́.