Ìhámọ́ra Sọ́ọ̀lù Kò Bá Dáfídì Mu: Bí A Ṣe Ń Kọ CV Sí Ilé-Iṣẹ́ Tuntun

Ọdún 18 ni mo ti fi ṣe nọ́ọ̀sì nígbà tí mo rí ìkéde iṣẹ́ kan ní London níbí. Ilé-iṣẹ́ tuntun ni, irú èyí tí wọ́n ń pè ní startup. Wọ́n ń ṣe áàpù tí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún lè fi bá nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀ láti ilé, ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀ sì ni iṣẹ́ náà. Mo ní dígírì, mo sì ní ìrírí. Ta ni ìbá tún yẹ jù mí lọ? Mo fi CV olójú-ewé mẹ́rin ránṣẹ́. Wọn kò tilẹ̀ dá mi lóhùn.

Nígbà tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ tún yọ níbòmíràn, ọ̀rẹ́ mi kan ní, “Ṣáà kọ ọ́ pé o ti jẹ́ project manager rí. Gbogbo wọn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ta ni yóò lọ wádìí?” Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ fún yín: mo tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà lóru ọjọ́ náà. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, èmi ni mo máa wàásù lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, lórí Dáfídì àti Gòláyátì.

Ibi tí mo ti ń múra ìwàásù náà sílẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bá mi. Dáfídì kò lọ sójú ogun rí. Nígbà tí Sọ́ọ̀lù ń ṣiyèméjì, kò pe ara rẹ̀ ní jagunjagun. Ohun tó ti fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe nídìí àgùntàn bàbá rẹ̀ ló sọ, ìyẹn kìnnìún àti béárì tó pa. Nígbà tí wọ́n sì gbé ìhámọ́ra ọba wọ̀ ọ́, ó bọ́ ọ sílẹ̀. Àwọn àgbà wa náà sọ pé ẹ̀wù àgbàwọ̀ kì í yẹ ọmọ ènìyàn. Mo pa irọ́ náà rẹ́, mo sì bẹ̀rẹ̀ CV mi láti ìbẹ̀rẹ̀. Ohun tí mo kọ́ nìyí.

Ẹ mọ ẹni tí ẹ ń kọ̀wé sí

Ilé-ìwòsàn ńlá ní ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Startup kì í sábà rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n lè máà tó ẹni mẹ́wàá, owó àwọn tó bá wọn dá òwò náà ni wọ́n sì ń ná. Ẹni tó lè kọ́ iṣẹ́ fúnra rẹ̀, tó sì lè ṣe ju ohun kan lọ, ni wọ́n ń wá. Ẹ ka ìkéde wọn lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹ fa ìlà sábẹ́ ohun mẹ́ta tí wọ́n tẹnu mọ́ jù. Ohun mẹ́ta yẹn ni kí òkè ojú ewé yín kọ́kọ́ dáhùn. Ẹ wo orúkọ wọn ní Companies House lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀fẹ́ ni, ẹ ó sì rí ọjọ́ tí wọ́n dá a sílẹ̀ àti àwọn olùdarí rẹ̀.

Ẹ sọ iṣẹ́ tí ẹ ṣe

Ipò mi nìkan ni mo tò sínú CV àkọ́kọ́. Nínú èkejì, mo kọ ọ́ pé àwọn aláìsàn máa ń pè wá léraléra lẹ́yìn tí wọ́n bá ti délé, nítorí pé ìwé ìtọ́ni wa kò yé wọn. Pé mo tún un kọ ní èdè tó rọrùn. Pé ìpè náà sì dín kù. Ìṣòro, ohun tí ẹ ṣe sí i, àti ohun tó yí padà: bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ tò ó. Bí ẹ bá ní iye tó dájú, ẹ kọ ọ́. Bí ẹ kò bá ní, ẹ má ṣe dá a dá. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ má fi ọ̀rọ̀ aláìsàn kankan hàn, ẹ sì rántí pé “Band 6” kò yé ẹni tí kò ṣiṣẹ́ ní NHS rí.

Ẹ gé e kù

Ní Nàìjíríà, a máa ń kọ ọjọ́ ìbí, ìpínlẹ̀, ẹ̀sìn, ìgbéyàwó, títí dé ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Wọn kò nílò rẹ̀ níbí, wọn kò sì nílò fọ́tò. Òfin Equality Act 2010 kò fàyè gba kí wọ́n fi ọjọ́ orí tàbí ẹ̀sìn yan ènìyàn. Ojú ewé méjì tó. Ẹ fi èyí tó gùn pamọ́ sílé bí ìgàn aṣọ, kí ẹ máa gé e sí ìwọ̀n iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa

“Àǹtí, mi ò tíì ṣiṣẹ́ rí,” ni ọmọkùnrin ọdún 17 kan wí fún mi. Bẹ́ẹ̀ òun ló ń gbé ìsìn wa sórí YouTube ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi! Nígbà tí ohùn dákẹ́ lọ́jọ́ Àjíǹde, òun ló tún un ṣe, ó sì ti kọ́ ọmọ méjì mìíràn ní iṣẹ́ náà. Kìnnìún àti béárì tirẹ̀ nìyẹn. Mo ní kó lọ kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ̀yin òbí

Ẹ má ti àwọn ọmọ sínú irọ́. Purọ́ n níyì, ẹ̀tẹ́ ní í mú wá. Lábẹ́ Fraud Act 2006, ẹni tó parọ́ kó lè rí iṣẹ́ gbà lè bá ara rẹ̀ nílé ẹjọ́. Ẹ̀yin tí ẹ wà lórí físà Skilled Worker, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ilé-iṣẹ́ náà wà nínú ìwé orúkọ àwọn tí ìjọba fún láṣẹ láti gba òṣìṣẹ́ láti òkèèrè, kí ẹ tó fi iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ yín sílẹ̀.

Ní tèmi, wọ́n pè mí. Ọmọkùnrin tó dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀ kò béèrè ohun púpọ̀ ju ìwé ìtọ́ni yẹn lọ: báwo ni mo ṣe kọ ọ́, ta ni mo fi dán an wò? Mo lè dáhùn, nítorí pé èmi ni mo ṣe é. Ká ní “project manager” ló béèrè ni, kí ni ǹ bá sọ?

Ẹ jókòó lálẹ́ òní, kí ẹ ka àwọn kìnnìún tí Ọlọ́run ti bá yín ṣẹ́gun. Ẹ kọ wọ́n sílẹ̀ bí wọ́n ṣe rí gan-an.