Ẹ̀kọ́ Gíga Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì: Ohun Tí Ó Yẹ Kí Ẹ Bèèrè Kí Ẹ Tó Sanwó



Ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó ní ọmọ tí ó ti gba bákà, tàbí tí ó ń múra láti gbà á. Bí ọmọ bá fẹ́ lọ sí yunifásítì, ó sábà máa ń kó lọ sí Abomey-Calavi lẹ́bàá Kùtọnu, tàbí kí ó lọ sí Parakou lọ́nà jíjìn. Yóò gba yàrá, yóò jẹun, yóò wọ ọkọ̀. Nítorí náà, bí ọmọ bá sọ pé, "Bàbá, mo rí ilé ẹ̀kọ́ kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, n kò ní kúrò nílé," ọ̀rọ̀ náà máa ń dùn létí. Owó ni yóò bèèrè tẹ̀ lé e. Ẹ̀yin tí ẹ óò ta epo tàbí àgbàdo kí ẹ tó rí owó náà, ẹ gbọ́dọ̀ mọ ohun tí ẹ óò bi í.

Kí ni à ń pè ní ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì? Ilé ẹ̀kọ́ yóò fi ẹ̀kọ́ ránṣẹ́ sórí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà. Akẹ́kọ̀ọ́ lè kà á bí ìwé, ó lè gbọ́ ọ bíi rédíò, ó sì lè rí olùkọ́ nínú fídíò. Yóò ṣe iṣẹ́ tí wọ́n fún un, yóò sì fi í ránṣẹ́ padà. Ìyá kan nínú kíláàsì wa sọ pé lójú òun, eré ni àwọn ọmọ ń fi fóònù ṣe. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ láti ọ̀nà jíjìn kì í ṣe ohun tuntun. Kí íntánẹ́ẹ̀tì tó dé, lẹ́tà ni wọ́n fi ń ṣe é. Inú ẹ̀wọ̀n ni Nelson Mandela wà ní Gúúsù Áfíríkà nígbà tí ó ń kàwé báyìí ní yunifásítì tí a ń pè ní Unisa. Ó gba ìwé-ẹ̀rí nínú ẹ̀kọ́ òfin níbẹ̀ ní 1989. Ọdún kejì ni wọ́n dá a sílẹ̀.

Ní Nàìjíríà tí a jọ pààlà, ìjọba dá yunifásítì kan sílẹ̀ fún irú ẹ̀kọ́ yìí ní 1983. Ìjọba ológun tì í pa ní 1984, wọ́n sì tún un ṣí ní 2002. NOUN ni wọ́n ń pè é. Olóyè Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, tí ó ti jẹ́ ààrẹ, kàwé níbẹ̀ lẹ́yìn tí ó kúrò lórí oyè. Ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní 2018, nígbà tí ó ti pé ọmọ 80 ọdún.

Nítorí náà, ẹ má sọ fún ọmọ yín pé irọ́ ni. Ẹ bi í léèrè.

Ìbéèrè tí ó wúwo jù ni èyí: bí ó bá parí, ta ni yóò gba ìwé-ẹ̀rí náà lọ́wọ́ rẹ̀?

Ẹ gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nítòsí wa. Ní ìparí oṣù Kejìlá 2023, ìwé ìròyìn Daily Nigerian gbé ìròyìn kan jáde. Akọ̀ròyìn wọn, Umar Audu, ti gba ìwé-ẹ̀rí yunifásítì láti ilé ẹ̀kọ́ gíga aládàáni kan ní Kùtọnu. Ọ̀sẹ̀ 6 péré ni ó fi gbà á. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ẹlòmíràn fi ń kọ́ ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀. Ó fẹ́ fi hàn pé àwọn kan ń ta ìwé-ẹ̀rí bí ẹni ń ta iṣu. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kìíní 2024, ìjọba Nàìjíríà kéde pé àwọn dá gbígba ìwé-ẹ̀rí láti Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò dúró. Ní oṣù Kẹjọ ọdún náà, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ wọn sọ pé ayédèrú ìwé-ẹ̀rí tí àwọn rí láti orílẹ̀-èdè méjèèjì lé ní 22,000.

Àwọn tí ó ra ìwé pàdánù owó wọn. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó jókòó kàwé lóòótọ́ bọ́ sínú ìfura pẹ̀lú wọn. Ìyẹn ni ó dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ náà.

Ilé ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì tún le ju èyí lọ láti mọ̀, nítorí pé a kò rí ilé, a kò rí ọ̀gá. Nítorí náà, ẹ lọ sọ́dọ̀ ìjọba. Iléeṣẹ́ mínísítà ẹ̀kọ́ gíga ní orílẹ̀-èdè wa ni ó ń fún ilé ẹ̀kọ́ aládàáni láṣẹ. Ó ní ìwé tí orúkọ wọn wà nínú rẹ̀. Ẹ ní kí ọmọ fi orúkọ ilé ẹ̀kọ́ náà hàn yín níbẹ̀. Àṣẹ láti ṣí ilé ẹ̀kọ́ jẹ́ ọ̀tọ̀, òǹtẹ̀ tí ìjọba ń lù fún ìwé-ẹ̀rí jẹ́ ọ̀tọ̀. Ẹ bèèrè méjèèjì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ aládàáni tí kò tíì ní òǹtẹ̀ yìí, ìdánwò ìjọba ni wọ́n ń ṣe fún ìwé-ẹ̀rí líséǹsì. Àjọ kan tún wà ní Ouagadougou tí a ń pè ní CAMES, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1968. Ó ń yẹ ìwé-ẹ̀rí wò fún àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà tí ń lo èdè Faransé.

Ìbéèrè kejì ni ti mẹ́gà. Ẹ mú bírò, ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò. Fídíò ẹ̀kọ́ wákàtí kan lè jẹ nǹkan bí 500 mẹ́gà. Bí ọmọ bá ń wo wákàtí 2 lójúmọ́, fún ọjọ́ 5, wákàtí 10 ni lọ́sẹ̀. 10 lọ́nà 500 jẹ́ 5,000. Ní ọ̀sẹ̀ 4, ó di 20,000 mẹ́gà. Ẹ wo iye tí ẹ fi ń ra mẹ́gà, kí ẹ ṣe ìyókù. Owó yìí kò sí nínú owó ilé ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí ó jẹ́ kíkà nìkan kì í jẹ ju mẹ́gà díẹ̀ lọ. Kí ọmọ béèrè bóyá ilé ẹ̀kọ́ náà ní irú rẹ̀.

Níbo ni ìdánwò wà? Akẹ́kọ̀ọ́ NOUN lè kàwé nílé, ṣùgbọ́n ibùdó ìkẹ́kọ̀ọ́ ni ó ti ń ṣe ìdánwò. Èdè Gẹ̀ẹ́sì sì ni wọ́n ń lò. Pé ọmọ yín gbọ́ Yorùbá bíi ti àwọn ará Abẹ́òkúta kò ràn án lọ́wọ́ níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó kan ẹ̀yin òbí gan-an. Ọmọ tí ó ń kàwé nílé dà bí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dilẹ̀. A ó ní kó lọ pọnmi, a ó ní kó lọ bá wa lọ ata, a ó ní kó sáré dé ọjà. Bẹ́ẹ̀, olùkọ́ ń sọ̀rọ̀ lọ lórí fóònù. Ẹ jọ fi wákàtí kan lélẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò ní rán an níṣẹ́.

Bí ẹ bá wá fẹ́ fi MoMo sanwó, ẹ wo orúkọ tí ó jáde lójú fóònù kí ẹ tó tẹ nọ́ńbà àṣírí yín. Bí ó bá jẹ́ orúkọ ẹnì kan, tí kì í ṣe orúkọ ilé ẹ̀kọ́, ẹ dúró ná. Ẹ gba rìsíìtì. Ẹ wá orúkọ ilé ẹ̀kọ́, orúkọ ọmọ, iye owó àti ọjọ́ tí ẹ san án nínú rẹ̀. Ẹ̀yin fúnra yín lè kà á báyìí.