Altyerr Kì í Ṣe Àlá

Láti ìgbà tí ilé àfihàn Tate Modern ní Lọ́ńdọ̀nù ti pàtẹ iṣẹ́ Emily Kam Kngwarray, ayàwòrán ọmọ ìbílẹ̀ Ọsirélíà, ní 2025, owó àti ọjọ́ orí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sọ, pé àwòrán rẹ̀ kan tà ju mílíọ̀nù méjì dọ́là Ọsirélíà lọ ní 2017, àti pé ìyá àgbà náà ti ń súnmọ́ ọgọ́rin ọdún kí ó tó kun kànfáàsì rí. Ṣùgbọ́n ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde: ọmọ Alhalker alápàáta-oníhò yìí, tí ó lu imú rẹ̀ nítorí àpáta náà, ti ń fi ìlà sí ara obìnrin tipẹ́tipẹ́.

Awelye ni àwọn Anmatyerr, ènìyàn rẹ̀, ń pè é. Àwọn obìnrin a lọ erùpẹ̀ pupa, erùpẹ̀ aláwọ̀ ìyeyè àti ẹfun kúnná, wọn a fi ọ̀rá pò ó, wọn a sì fà á sí àyà, ọmú àti apá, orin kò sì ní dá lẹ́nu wọn, nítorí ilẹ̀ tí ó ni ìlà náà ni ó ni orin. Irin tí ìpáàrà ti mú ni ó ń fún erùpẹ̀ náà láwọ̀. Bí a bá yan aláwọ̀ ìyeyè nínú iná, omi inú rẹ̀ a gbẹ, a sì pọ́n bí osùn.

Altyerr ni ìlà náà ń sọ, ọ̀rọ̀ tí Frank Gillen, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ wáyà ní Alice Springs, gbọ́ lẹ́nu àwọn Arrernte aládùúgbò wọn, tí ó sì túmọ̀ sí 'ìgbà àlá' ní 1896. Ó ní ohun tí ó rí kí ó tó wí bẹ́ẹ̀, nítorí bí Arrernte bá lálàá, wọn a ní ó rí altyerre. Ṣùgbọ́n ohun tí ojú rí kì í ṣe ojú. Àwọn aṣẹ̀dá tí ìrìn wọn di òkè àti omi, òfin àti ìbátan tí wọ́n fi lélẹ̀, tí kò sì di ohun àná títí di òní, ni Altyerr. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé, nígbà tí àwọn Anmatyerr ń gba ilẹ̀ wọn ní Utopia padà ní ìparí àwọn ọdún 1970, awelye ni àwọn obìnrin gbé kalẹ̀ bí ẹlòmíràn ti ń gbé ìwé ilẹ̀ jáde.

Àwọn alárìíwísí kan ń fi ìlà ọjọ́ ogbó Kngwarray wé iṣẹ́ àwọn ayàwòrán Yúróòpù. Bóyá ojú ríra lásán ni. Ní tèmi, ọmú àti apá ni mo ń rí níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n bi òun fúnra rẹ̀ ní ohun tí ó ń kùn, gbogbo rẹ̀ ni ó kà sílẹ̀: iṣu, alángbá ẹlẹ́gùn-ún, èso koríko, ẹyẹ emu, títí kan kam, èso iṣu náà, tí í ṣe orúkọ rẹ̀.