Bí Dùndún Ṣe Ń Fọhùn: Ẹni Tó Mọ Oríkì Ló Ń Gbọ́ Ìlù

Bí ọdún bá dé ní Òkukù, olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Odò-Ọ̀tìn ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ìlù dùndún kì í gbẹ́yìn. Èèyàn méjì lè dúró sójú kan náà bí àwọn onílù ti ń bọ̀. Ọ̀kan yóò kàn máa mi orí, èkejì yóò ti ọwọ́ bọ àpò, yóò sì lọ lẹ owó mọ́ onílù níwájú orí. Ìlù kan náà ni àwọn méjèèjì gbọ́. Kí ló dé tí ọ̀kan fi gbọ́ orúkọ baba ńlá rẹ̀ níbẹ̀, tí èkejì sì gbọ́ dídùn ìlù lásán?

Ìdáhùn wà lára bí wọ́n ṣe ṣe ìlù náà, àti lára èdè Yorùbá fúnra rẹ̀. Igi ni wọ́n gbẹ́ tí àárín rẹ̀ fi tín-ín-rín, wọ́n fi awọ bo ojú rẹ̀ méjèèjì, wọ́n sì fi ọ̀ṣán, ìyẹn okùn awọ, so ojú kan mọ́ èkejì. Bí onílù bá fún ọ̀ṣán mọ́ra, awọ yóò le, ohùn yóò sì lọ sókè. Bí ó bá dẹ̀ ẹ́, ohùn yóò wálẹ̀. Báyìí ni kọ̀ǹgọ́ ṣe ń rí ohùn mẹ́ta inú èdè wa mú: dò, re, mí. Ìyáàlù, tí ṣaworo yí lẹ́nu ká, ló ń sọ̀rọ̀ jù. Gúdúgúdú àti àwọn ìlù yòókù ló ń gbè é lẹ́sẹ̀ kí oníjó má baà ṣi ẹsẹ̀ gbé.

Ṣùgbọ́n ohùn ọ̀rọ̀ nìkan ni ìlù lè mú, kò lè pe kọ́ńsónáǹtì àti fáwẹ̀lì rẹ̀. Ilé, owó, ọkọ́ àti igbá, re-mí ni gbogbo wọn lẹ́nu ìlù. Ìdí nìyí tí onílù fi máa ń lo gbólóhùn gígùn tí etí ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Bó bá lu “Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o,” ẹni tó mọ òwe náà yóò ti gbọ́ ọ kí ìlù tó parí rẹ̀.

Etí tí kò mọ ohun tó wà lọ́kàn onílù a máa fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sí i. Ní àwọn ọdún 1950, nígbà tí ilé iṣẹ́ rédíò ìjọba Nàìjíríà ń fi dùndún pe orúkọ ara rẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì, ohun tí ọ̀pọ̀ olùgbọ́ gbọ́ ni pé ìlù ń bèèrè ẹni tí yóò jọba bí Olúbàdàn bá wàjà.

Oríkì ni kò jẹ́ kí irú àṣìgbọ́ yìí pọ̀. Karin Barber, onímọ̀ ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó gbé Òkukù ní àwọn ọdún 1970, tẹ ìwé ńlá kan jáde lórí oríkì ìlú náà ní ọdún 1991. Ó fi hàn níbẹ̀ pé oríkì kò ní ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin kan pàtó. Ẹyọ-ẹyọ ni, ẹni tó ń kì í ló ń to èyí ṣáájú tọ̀hún, gẹ́gẹ́ bó bá ṣe rí ẹni tó wà níwájú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni onílù náà ń ṣe. Bó bá rí ọmọ ilé kan lọ́ọ̀ọ́kán, yóò fi oríkì orílẹ̀ rẹ̀ pàdé rẹ̀, yóò fi ti baba rẹ̀ lé e, yóò sì fi òwe kan yìn ín tàbí kó fi ta á jí. Ojú ẹsẹ̀ ló ń to gbogbo rẹ̀ pọ̀.

Ìdílé Àyàn ni wọ́n ti ń kọ́ ọmọ onílù láti kékeré. Ibo ni olùgbọ́ ti ń kọ́ tirẹ̀? Láyé àtijọ́, ẹnu ìyá àti ìyá àgbà tó ń ki ọmọ láàárọ̀ ni. Ọmọbìnrin tó ń lọ sílé ọkọ sì gbọ́dọ̀ kọ́ rárà ìyàwó, èyí tí oríkì ìdílé rẹ̀ kún inú rẹ̀. Bí ẹ̀kọ́ yìí bá parẹ́, onílù ì báà mọ iṣẹ́ bí Àyàn Àgalú fúnra rẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ yóò di ariwo létí àwọn tó ń kì.

Iṣẹ́ yìí kò gba owó rárá. Bí ọmọ bá kúnlẹ̀ tàbí dọ̀bálẹ̀ kí òbí rẹ̀ láàárọ̀, kí wọ́n fi oríkì dá a lóhùn. Ọmọ bẹ́ẹ̀ ni ìlù yóò rí bá sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ ọdún.