Ó Wọ Ihò Rẹ̀, Síbẹ̀ Kò Tàn: Yíyan Ẹ̀yà Kọ̀ǹpútà Olówó Pọ́ọ́kú Tí Yóò Bára Mu

Lọ́dọọdún ni àwa tí a wà ní ọdún àṣekágbá ní ẹ̀ka yìí máa ń wá kọ̀ǹpútà kiri bí ẹni ń wá ilé gbé. Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Iṣẹ́ ìwádìí ti dé, ohùn tí a lọ gbà sílẹ̀ lábúlé wà lórí fóònù, Praat àti ELAN ni a ó fi ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, fóònù kò sì lè ṣe é. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń ṣe ni pé ká kó gbogbo owó ọwọ́ wa lé laptop tòkunbọ̀ tí bátìrì rẹ̀ ti kú, tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ohun tí a lè pààrọ̀ nínú rẹ̀. Lójú tèmi, ẹni tí kò bá ní máa gbé e kiri, kọ̀ǹpútà orí tábìlì ló yẹ kó rà. Owó kan náà yóò ra agbára tó jù bẹ́ẹ̀ lọ, bí ẹ̀yà kan bá sì bàjẹ́, ẹ̀yà yẹn nìkan la ó pààrọ̀.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé àwọn ẹ̀yà tí a rà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ gbọ́dọ̀ bára mu. Àwọn tó ń tà á ní Computer Village n'Íkẹjà tàbí nítòsí ilé ìwé yóò sọ fún yín pé, "Ó máa wọ̀ ọ́." Òótọ́ ni, ó máa wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n wíwọ̀ yàtọ̀ sí bíbára mu. Ẹ wo ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀. Ẹni tó bá yọ àmì ohùn kúrò yóò rí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n ẹni tó gbọ́ Yorùbá mọ̀ pé mẹ́rin ni. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀yà kọ̀ǹpútà mìíràn ṣe rí: ihò kan náà, ìrísí kan náà, wọn kò sì gbọ́ra wọn yé. Ọjà tí wọ́n bá sì ti tà, wọn kì í fẹ́ gbà á padà.

Motherboard ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Òun ni pátákó ńlá tí gbogbo ẹ̀yà yòókù ń jókòó lé, òun ló sì ń pinnu èyí tó lè bá èyí ṣiṣẹ́. Processor ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kọ́kọ́ rà, torí orúkọ rẹ̀ ni wọ́n gbọ́ lẹ́nu ọ̀rẹ́: "i5 ni kó o rà o!" Orúkọ yẹn nìkan kò sọ nǹkan kan. Láti 2009 ni Intel ti ń ta i5, èyí tó jáde nígbà náà kò sì bá èyí tó jáde ní 2020 pín nǹkan púpọ̀ ju orúkọ lọ. Nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e ni ká kà. Nínú i5-6500, ìran kẹfà ni. Nínú i5-8400, ìran kẹjọ. Nínú i3-10100, ìran kẹwàá.

Intel máa ń fi iye ẹsẹ̀ wẹ́wẹ́ tó wà nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì sọ ọ́ lórúkọ. LGA 1155 ni ìran kejì àti ìkẹta ń lò, LGA 1150 ni ìran kẹrin, LGA 1151 ni ìran kẹfà títí dé ìkẹsàn-án, LGA 1200 ni ìkẹwàá àti ìkọkànlá. Kò sí wàhálà púpọ̀ láàárín 1155 àti 1150, torí pé ibi tí wọ́n gé sí lára processor wọn kò dọ́gba, èyí kò tilẹ̀ ní jókòó sínú ìyẹn. LGA 1151 gan-an ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Ìran mẹ́rin ló ń lò ó, ṣùgbọ́n agbo méjì ni wọ́n. Ìran kẹfà àti ìkeje ń fẹ́ bọ́ọ̀dù tí chipset rẹ̀ wà ní ọ̀wọ́ 100 tàbí 200, irú bíi H110, B150 àti B250. Ìran kẹjọ àti ìkẹsàn-án ń fẹ́ ọ̀wọ́ 300, irú bíi H310, B360 àti B365. Ẹsẹ̀ 1151 ni gbogbo wọn ní. Processor yóò jókòó pẹ̀sẹ̀, ìdè rẹ̀ yóò pa dé, fáànù lè máa yí, mọ́nítọ̀ yóò sì dúdú bí òru. Ohun tí Intel yí padà ni iṣẹ́ tí wọ́n yàn fún àwọn kan nínú àwọn ẹsẹ̀ náà, pàápàá àwọn tó ń gbé iná wọlé.

Ọmọ kíláàsì wa kan ra i5-8400 àti bọ́ọ̀dù H110 lọ́wọ́ ọlọ́jà kan náà, lọ́jọ́ kan náà. Ọlọ́jà náà búra pé 1151 ni méjèèjì, kò sì parọ́. Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì tí ọmọ náà fi ń yá RAM yá power pack kiri láti mọ ibi tí àrùn wà, orí kẹta iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ sì ń dúró dè é. Nígbà tó gbé e padà, wọ́n ní kó fi owó kún un kí àwọn tó gba bọ́ọ̀dù tí àwọn fúnra wọn tà fún un.

Ọ̀dọ̀ AMD rọrùn díẹ̀ fún ẹni tí owó ọwọ́ rẹ̀ kò pọ̀. Sọ́kẹ́ẹ̀tì AM4 ni wọ́n ń lò láti ìgbà tí Ryzen ti jáde ní 2017, ọ̀wọ́ 1000 títí dé 5000 ló sì jókòó sínú rẹ̀. Ẹni tó bá ra bọ́ọ̀dù B450 pẹ̀lú Ryzen kékeré lónìí lè ta Ryzen yẹn bó bá ríṣẹ́, kó fi Ryzen 5 5600G rọ́pò rẹ̀ láìfọwọ́ kan ohun mìíràn. Ohun tó kù ni BIOS, ètò kékeré inú bọ́ọ̀dù tó máa ń kọ́kọ́ jí tí a bá tan iná. Bọ́ọ̀dù tí wọ́n ṣe kí processor kan tó jáde kò mọ processor náà, bí ìwé atúmọ̀ èdè àtijọ́ kò ṣe ní ọ̀rọ̀ tuntun nínú. A lè fi BIOS tuntun sí i, àmọ́ lórí ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀dù, ó di dandan kí processor tí bọ́ọ̀dù ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ wà lórí rẹ̀ ká tó lè ṣe é. Nítorí náà, kí ẹ tó sanwó, ẹ ka nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára bọ́ọ̀dù, kí ẹ sì lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, sójú ewé ilé iṣẹ́ tó ṣe é, ASUS, Gigabyte, MSI tàbí ASRock. Ẹ ó rí àkọsílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní CPU support list. Níwájú processor kọ̀ọ̀kan ni wọ́n kọ ẹ̀dà BIOS tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni. Bí ọlọ́jà bá ní kò sáyè fún ìyẹn, ẹ fi ọjà rẹ̀ sílẹ̀.

Wọ́n kọ́ wa pé Yorùbá kò ní àfòmọ́ ìparí. Processor ní in, ó sì ń gba owó lọ́wọ́ ẹni. Lẹ́yìn nọ́ńbà Intel, F túmọ̀ sí pé kò sí ẹ̀rọ tó ń gbé àwòrán jáde nínú rẹ̀: i3-10100F kò lè fi ohunkóhun hàn lójú mọ́nítọ̀ àfi tí ẹ bá tún ra káàdì àwòrán. Ìdí nìyẹn tí F fi máa ń dínwó ju èyí tí kò ní F lọ. Ní ti Ryzen ọ̀wọ́ 1000 dé 5000, òdìkejì ni: G ló ní àwòrán tirẹ̀, bíi 3200G àti 5600G, àwọn tí kò ní G lórí bọ́ọ̀dù AM4 kò ní in. Iṣẹ́ tiwa kò nílò káàdì àwòrán rárá. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹni tó ń gbá géèmù gbà yín nímọ̀ràn lórí èyí.

RAM kò le. DDR3, DDR4 àti DDR5 kò lè wọ ihò ara wọn, torí ibi tí wọ́n gé lẹ́nu wọn kò dọ́gba. Bọ́ọ̀dù ìran kẹrin, DDR3 ni. H310 tàbí B450, DDR4 ni. Ti laptop kúrú, ojú lásán ti mọ̀ ọ́n. Ọ̀kan ló ń tan ènìyàn jẹ: RAM tí wọ́n yọ lára kọ̀ǹpútà sáfà. Ó gùn bákan náà, ó wọ ihò DDR4 wọ̀ọ̀, gìgábáìtì rẹ̀ pọ̀, owó rẹ̀ sì kéré débi tó yẹ kí ara fu yín. Kò ní ṣiṣẹ́ lórí bọ́ọ̀dù ilé lásán. Ẹ ka ìwé pélébé ara rẹ̀: bí ẹ bá rí PC4-2400T-U, ti wa ni; bí ó bá jẹ́ PC4-2400T-R, ti sáfà ni. Lẹ́tà kan ṣoṣo ló yà wọ́n.

Báwo ni RAM ṣe yẹ kó tó? Ohùn tí a gbà sílẹ̀ ní 44,100 Hz, bíìtì 16, ojú kan, jẹ́ nǹkan bíi mẹ́gábáìtì 318 fún wákàtí kan. Bí ẹ bá fi àṣẹ "Read from file" ṣí i, Praat yóò kó gbogbo rẹ̀ sínú RAM, ìlọ́po mẹ́rin ìwọ̀n yẹn ni yóò sì gbà níbẹ̀, ìyẹn ń lọ sí gìgábáìtì kan àti díẹ̀. "Open long sound file" kì í kó o síbẹ̀. Gìgábáìtì 8 tó wa. Bí ẹ bá fi 4 méjì ṣe é dípò 8 kan, ẹ̀rọ àwòrán inú processor yóò yá sí i, torí RAM yẹn kan náà ló ń lò.

Ní ti ibi ìpamọ́, ẹ ra SSD, kódà kó jẹ́ gìgábáìtì 240 péré. Èyí tó ní okùn SATA bá bọ́ọ̀dù tó pọ̀ jù lọ mu. Èyí tó dà bí igi ṣingọ́ọ̀mù, tí wọ́n ń pè ní M.2, oríṣi méjì ni: SATA àti NVMe. Bọ́ọ̀dù mìíràn ń gba méjèèjì, òmíràn ń gba ẹyọ kan, ìrísí wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà. Tí kò bá dá yín lójú, SATA olókùn ni kí ẹ mú.

Mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ ka ti power pack. Ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ tó ń ti Amẹ́ríkà wá ni wọ́n ti lò lórí iná 120 fóòtì. Lẹ́yìn àwọn àtijọ́ kan, ẹ ó rí bọ́tìnì pupa kékeré tí wọ́n kọ 115 àti 230 sí. Bí ó bá wà ní 115 tí ẹ sì kì í bọ iná wa tó jẹ́ 230 sí 240, ẹ ó gbọ́ ìró kan, èéfín yóò sì tẹ̀ lé e. Àwọn tuntun tí wọ́n kọ 100-240V sí lára kò ní bọ́tìnì yẹn, àwọn fúnra wọn ló ń mọ iná tó dé. Ẹ tún fi owó UPS sínú ètò yín. Laptop ní bátìrì. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì kò ní nǹkan kan, iná ìlú wa sì ni gbogbo wa mọ̀. Wákàtí mẹ́ta tí ènìyàn fi kọ ohùn sílẹ̀ nínú ELAN kò yẹ kó bá iná lọ.

Ọ̀nà kejì wà fún ẹni tí kò fẹ́ to nǹkan kan: kó ra kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì tòkunbọ̀ lódindi, irú bíi Dell OptiPlex, HP EliteDesk tàbí Lenovo ThinkCentre. Ọ̀pọ̀ ìgbà ló ń dínwó ju ká to tuntun lọ, gbogbo inú rẹ̀ sì ti bára mu láti ilé iṣẹ́. Àléébù rẹ̀ ni pé àwọn ilé iṣẹ́ yìí máa ń lo ẹ̀yà tí kò bá ti ọjà mu. Ẹnu okùn tó ń gbé iná wọ bọ́ọ̀dù OptiPlex 9020 ní ihò 8, ti power pack gbogbogbòò sì ní 24. Bí ti Dell bá jó, èyí tó wà ní ṣọ́ọ̀bù tó sún mọ́ yín kò ní bá a mu láìsí okùn àsopọ̀. RAM àti SSD nìkan ni ẹ lè fọkàn balẹ̀ pààrọ̀ nínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Windows tún wọ̀ ọ́. Láti 14 Oṣù Kẹwàá 2025 ni Microsoft ti dáwọ́ àtìlẹ́yìn dúró fún Windows 10. Ní ti Intel, Windows 11 ń béèrè ìran kẹjọ sókè, àyàfi díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìran kẹfà àti ìkeje fi ń dínwó lọ́jà. Bí ẹ bá lè lo Linux, ẹ̀bùn ni ìyẹn jẹ́ fún yín, torí pé Praat àti ELAN ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ láìsí wàhálà, ọ̀fẹ́ sì ni gbogbo wọn.

Èyí tí èmi tò nìyí: bọ́ọ̀dù B450, Ryzen 3 3200G, RAM DDR4 gìgábáìtì 4 méjì, SSD SATA 240, power pack tuntun. Mi ò ní kọ iye owó, torí kí ẹ tó ka èyí tán, dọ́là lè ti yí i padà. Power pack nìkan ni mo kọ̀ láti rà ní tòkunbọ̀, torí bó bá bàjẹ́, ó lè kó àwọn yòókù lọ.

Bí ẹ bá délé ìtajà, ẹ ní kí wọ́n to bọ́ọ̀dù, processor àti RAM pọ̀ lójú yín, kí wọ́n tan án kí ẹ tó sanwó. Bó bá jẹ́ Intel, ẹ kọ́kọ́ fi iná fóònù wo inú sọ́kẹ́ẹ̀tì. Inú rẹ̀ ni àwọn ẹsẹ̀ wẹ́wẹ́ wà, ẹyọ kan tó bá tẹ̀ lè ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Bó bá jẹ́ AM4, abẹ́ processor ni kí ẹ wò. Tó bá tàn, ẹ wọ inú BIOS, ẹ wò ó bóyá orúkọ processor àti iye RAM bá ohun tí wọ́n pè fún yín mu, kí ẹ sì jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ mú mọ́nítọ̀ kékeré àti okùn rẹ̀ dání bí ẹ bá ní in, torí tiwọn kì í sábàá sí nílé.