Iṣẹ́ Abẹ Ìju: Ọ̀rọ̀ fún Àwọn Ìyá Ilé àti Ọkọ Wọn

Ọ̀pọ̀ obìnrin ni ó ń gbé ìju kiri nínú ara tí wọn kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́. Ìju ni kókó ẹran tí ń hù ní ara ilé-ọmọ. Òmíràn kéré bí ẹ̀wà, òmíràn tóbi bí orí ọmọdé. Bí ó ti ń dàgbà ni nǹkan oṣù lè máa pọ̀ jù, tí ẹ̀jẹ̀ ń dín lára, tí ikùn sì ń ga, títí àwọn ará àdúgbò yóò fi máa kí obìnrin náà kú oríire oyún tí kò sí. Kò sí ẹ̀yà tí kì í ní i, ṣùgbọ́n ó pọ̀ jù láàárín àwa aláwọ̀ dúdú. Ìwádìí kan tí a tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2003 ṣírò rẹ̀ pé kí obìnrin aláwọ̀ dúdú tó pé ẹni 50 ọdún, ó lé ní 80 nínú 100 wọn tí yóò ti ní ìju, bí ọ̀pọ̀ kò tilẹ̀ mọ̀.

Ní àtijọ́, bí oníṣègùn yóò bá yọ ìju, ikùn ni yóò là gbooro. Lóde òní ọ̀nà mìíràn wà. Ihò kéékèèké mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni wọn yóò lu sí ikùn. Wọn yóò fi gáàsì fẹ́ inú rẹ̀ kí ààyè lè wà. Wọn yóò ti ọ̀pá tínrín tí ó ní ẹ̀rọ ayàwòrán bọ̀ ọ́, wọn yóò sì máa wo ohun tí wọ́n ń ṣe lójú dígí. Ìrora rẹ̀ kò pọ̀, ẹ̀jẹ̀ kì í dànù púpọ̀, obìnrin a sì tètè padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Ohun rere ni, àwa kò sì ní bú u.

Ṣùgbọ́n báwo ni ìju tí ó tóbi bí ọsàn yóò ṣe gba ihò tí ìka kan lè dí jáde? Gígé ni wọ́n ń gé e wẹ́wẹ́ nínú ikùn. Ẹ̀rọ kan wà fún un tí a ń pè ní power morcellator, tí ọ̀bẹ rẹ̀ ń yí bírí bírí. Bí ó ti ń gé ẹran náà ni ègé kéékèèké lè máa ta sí ìhín àti sí ọ̀hún. Ègé ìju lásán pàápàá lè lẹ̀ mọ́ ìfun kí ó sì tún hù níbẹ̀. Bí ó bá wá jẹ́ pé àrùn jẹjẹrẹ ni ó fara pamọ́ sínú ohun tí a pè ní ìju, a ti fọ́n ọn káàkiri inú bí ẹni fọ́n ẹ̀gúsí sí oko. Kò sì sí àyẹ̀wò kan tí ó lè fi dá wa lójú ṣáájú iṣẹ́ abẹ pé jẹjẹrẹ kò sí níbẹ̀.

Ohun tí ó dé bá Amy Reed nìyí. Oníṣègùn ni òun fúnra rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti fi oorun kun àwọn tí a fẹ́ là. Ọkọ rẹ̀, Hooman Noorchashm, a máa ṣe iṣẹ́ abẹ ọkàn. Ọmọ mẹ́fà ni wọ́n bí. Ní oṣù October 2013, ní ìlú Boston, a yọ ilé-ọmọ rẹ̀ nítorí ìju, a sì fi ẹ̀rọ yìí gé e. Lẹ́yìn náà ni èsì àyẹ̀wò dé pé jẹjẹrẹ líle tí a ń pè ní leiomyosarcoma wà nínú rẹ̀. Tọkọtaya náà kò dákẹ́. Wọ́n kọ ìwé, wọ́n sì ké sí àwọn aláṣẹ. Obìnrin náà kú ní ọjọ́ 24 oṣù May 2017, ẹni ọdún 44. Bí àwọn méjì tí wọ́n gbé inú ọsibítù dàgbà kò bá mọ ewu yìí ṣáájú, ta ni yóò bá ìyá alásọ ní ọjà wí?

Ní oṣù April 2014, FDA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tí ń bojú tó oúnjẹ àti oògùn, kéde pé nínú 350 obìnrin tí a ń ṣe iṣẹ́ abẹ fún nítorí ìju, ó tó ẹnì kan tí irú jẹjẹrẹ bẹ́ẹ̀ fara pamọ́ sí lára. Ní oṣù July ọdún náà ilé iṣẹ́ Johnson & Johnson kó àwọn ẹ̀rọ tirẹ̀ kúrò lọ́jà. Ní ọdún 2020 àjọ náà gbà wọ́n nímọ̀ràn pé bí a óò bá lo ẹ̀rọ yìí rárá, kí ó jẹ́ nínú àpò tí a ṣe fún un, kí ègé má baà fọ́n ká. Àpò náà ṣe ìrànwọ́, ṣùgbọ́n kò mú ewu kúrò tán. Ewu náà a sì máa pọ̀ sí i bí ọjọ́ orí ti ń ga, pàápàá fún ẹni tí ó ti lé ní 50 ọdún.

Ẹ̀yin ìyá wa, kí ẹnikẹ́ni má ṣe torí èyí sá fún oníṣègùn lọ sọ́dọ̀ àwọn tí ń pariwo àgbo lórí rédíò pé yóò yọ́ ìju ní ọjọ́ méje. Ìju tí kì í ṣe jẹjẹrẹ ni ó pọ̀ jù lọ, ikùn tí a là gbooro sì ní ewu tirẹ̀. Kí ẹ sá béèrè: Dókítà, báwo ni ẹ ó ṣe mú un jáde? Ṣé ẹ ó gé e nínú mi? Ṣé àpò wà? Bí ìfun tàbí àpò ìtọ̀ bá fara gbọgbẹ́, ṣé ẹ ti múra láti là mí kíákíá? Ẹni tí ó sì ń retí ọmọ, kí ó rántí pé ojú àpá lára ilé-ọmọ lè ya nígbà ìrọbí. Kí ó sọ fún agbẹ̀bí láti ìbẹ̀rẹ̀ oyún pé a ti yọ ìju fún òun rí. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, kí ọkọ béèrè bóyá a ti gbé ohun tí a yọ lọ fún àyẹ̀wò, kí ó gba ìwé èsì náà, kí ó sì tọ́jú rẹ̀ mọ́ ìwé ìrìbọmi àwọn ọmọ.